Ẹ̀bùn Tí Wattie Fún Ọmọ Rẹ̀

Ishbel ti ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ẹnu kí àkùkọ tó kọ. Iyọ̀ díẹ̀, èédú kíkúnná díẹ̀, ó ń fọ eyín bí ẹni ń fọ ìkòkò ọba: òkè, ìsàlẹ̀, kọ̀rọ̀, ìdí èrìgì. Láti ìgbà tí nọ́ọ̀sì ilé-ìwé ti kọ́ ọ lọ́mọ ọdún méje, kò pa á jẹ rí, ì báà ṣe àárọ̀, ì báà ṣe ìrọ̀lẹ́. Eyín náà sì mọ oore. Bí Ishbel bá rẹ́rìn-ín létíkun Scotland, àwọn apẹja tó wà lọ́hùn-ún ní Norway á rò pé iná èbúté ni, wọ́n á yí ọkọ̀ padà sílé.

"Fọ̀ ọ́ dáadáa o, ìyàwó!" Wattie, bàbá rẹ̀, ló ń pariwo nídìí tábìlì, tí eyín àtọwọ́dá rẹ̀ ń ró kàkàkà bí ẹṣin lórí òkúta. "Òkú tó máa wọlẹ̀, ó yẹ kó mọ́!"

Lónìí ni wọ́n máa yọ eyín Ishbel. Gbogbo rẹ̀ pátá. Ní etíkun tiwọn, bàbá tó fẹ́ràn ọmọ kì í jẹ́ kó gbé eyín tirẹ̀ wọlé ọkọ, àtọwọ́dá ló ń rà fún un, kí owó oníṣègùn eyín má baà di ẹrù sí ọkọ lọ́rùn lọ́la. Kí owó ẹ̀bùn yìí lè pé, Wattie kò mu tábà fún ọdún méjì gbáko, òun tó ń fa èéfín tẹ́lẹ̀ títí ẹyẹ òkun á fi máa wúkọ́.

"Bàbá mi, kò sí èyí tó ń dùn mí."

"Ìdí nìyẹn tá a fi fẹ́ tètè yọ ọ́! Àbí o fẹ́ kí Dod ọkọ rẹ máa pè mí ní ahun?"

Ishbel wo ìyá rẹ̀. Ìyá kò gbójú kúrò nínú ìkòkò tó ń rò. Ishbel fẹ̀jẹ̀ sínú, ó tutọ́ funfun jáde, ó sì rẹ́rìn-ín sí bàbá rẹ̀.

Apá oníṣègùn eyín tí Wattie mú un lọ bá tó òpó ọkọ̀. Ó yẹ ẹnu Ishbel wò, ó súfèé.

"Ọmọbìnrin, èyí lè gé ìdákọ̀ró jẹ! Ṣé ó dá ọ lójú?"

Lẹ́nu ọ̀nà, Wattie di fìlà rẹ̀ mú mọ́ àyà, ojú rẹ̀ ń dán bíi ti ọmọdé lọ́jọ́ ọdún.

"Ẹ yọ ọ́, sà," ni Ishbel wí.

Nígbà tó jí lójú oorun oògùn, abọ́ kan tí eyín rẹ̀ kún inú rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó mọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, bí darandaran ti ń mọ àgùntàn rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, Wattie ń jó kiri ojúlé àwọn aládùúgbò, ó ń pariwo pé ọmọ òun ti di ìyá ilé. Ishbel dìde lọ sídìí omi. Ó bu iyọ̀, ó bu èédú, ó gbé búrọ́ọ̀ṣì sẹ́nu. Búrọ́ọ̀ṣì wọlé, kò bá ẹnì kankan nílé. Ó tutọ́, itọ́ náà kò funfun mọ́.

Ìyá rẹ̀ ti wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó gba búrọ́ọ̀ṣì náà lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ṣàn án, ó nù ún gbẹ.

"Nígbà tí wọ́n yọ tèmi náà," ni ìyá wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "kò sí èyí tó ń dùn mí."

Ishbel yíjú sí i. Ó gbìyànjú láti rántí ẹ̀rín ìyá rẹ̀. Ọwọ́ tí ìyá máa ń fi bo ẹnu nìkan ló rántí.