Èmi Nìkan Á Ṣe É

"Gba ife yìí, àbúrò. Má jẹ́ kó fọ́."

Ọwọ́yá gba ife náà, ó fi ìwé ìròyìn wé e, ó sì rọra gbé e sínú páálí. Kò lè wo ojú ẹni tó gbé e fún un. Bàbá àgbàlagbà tí gbogbo wọn ń pè ní Ẹ̀gbọ́n Bírò ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ ní ọ́fíìsì tí àwọn méjèèjì ti jọ ń yàwòrán ilé: rúlà, sálúbàtà tó máa ń wọ̀ bí ẹsẹ̀ bá wú u, ìrọ̀rí kékeré tó ń fi ẹ̀yìn tì. Òní ni iṣẹ́ parí fún un.

"O gbọ́ rédíò láàárọ̀?" Bàbá náà rẹ́rìn-ín. "Wọ́n ní iṣẹ́ àwa ayàwòrán àtàwọn ẹnjiníà ń pọ̀ sí i. Bóyá ọ́fíìsì mìíràn ni wọ́n ń bá wí."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú."

"Kí n bínú sí ta? Ọ̀gá ní kọ̀ǹpútà ti gba iṣẹ́ ẹnì kan. Ṣé kí n wá bá kọ̀ǹpútà wọ̀yá ìjà ni?"

Kọ̀ǹpútà kọ́ o! Ẹnu ni. Ẹnu Ọwọ́yá ló ṣe é, òun náà sì mọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ọ̀gá pè é sí yàrá rẹ̀, ó yin àwòrán ilé-ìwé alájà méjì tó fi ẹ̀rọ tuntun yà, ó wá bi í bóyá òun nìkan lè máa ṣe gbogbo iṣẹ́ náà. Orí obìnrin yìí ti wú. "Ha, Ọ̀gá, kí ló le níbẹ̀?" ló dáhùn. "Èmi nìkan á ṣe é, n ò tiẹ̀ ní làágùn!" Ta ló ní kó fọ́nnu? Kò rò ó débi pé ìdáhùn yẹn máa lé ẹnì kan jáde.

Èyí tó wá ń jẹ ẹ́ lọ́kàn jù ni pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nìkan kọ́ ni àwòrán tí Ọ̀gá yìn. Òfin ọ́fíìsì wọn ni pé ẹni tó bá yàwòrán kì í fúnra rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀gbọ́n Bírò ló fi bírò pupa fa ìlà yí àtẹ̀gùn ilé-ìwé náà ká, nítorí àjà orí rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ jù. Bí wọ́n bá kọ́ ọ bó ṣe wà, gbogbo ọmọ tó bá ń gòkè lá máa forí gbá kọnkéré. Kẹ̀lẹ́kẹ̀lẹ́ ló sọ fún un pé, "Tètè tún un ṣe kí Ọ̀gá tó dé." Ó tún un ṣe, ó sì dá ìyìn gbà.

"Gba èyí náà." Bàbá náà na bírò pupa sí i.

"Ta ló máa wá fi yẹ tèmi wò?"

"Ìwọ náà kọ́ lo kù? Ọ̀gá bi èmi náà bóyá ẹnì kan lè dá a ṣe. Mo ní rárá o, wọn ó fọ́ ọmọ ọlọ́mọ lórí. Ṣùgbọ́n tó bá di dandan, kí wọ́n jẹ́ kí ìwọ máa ṣiṣẹ́ lọ. Àwọn ọmọ rẹ ṣì kéré. Tèmi ti ń bọ́ ara wọn."

"Ẹ̀gbọ́n..." Ẹnu tó yá níwájú Ọ̀gá wá wúwo. Omijé bọ́ lójú Ọwọ́yá.

Bàbá náà rò pé ẹkún ìdágbére ni. "Ó tó, ó tó. Ṣé mo kú ni?" Ó gbé páálí rẹ̀, ó jáde.

Ọwọ́yá dúró síbẹ̀, ojú ara rẹ̀ ń tì í. Ó bá kan ilẹ̀kùn Ọ̀gá, kò dúró kí wọ́n dáhùn kó tó wọlé.

"Ọ̀gá, irọ́ ni mo pa fún yín. N ò lè dá a ṣe. Ẹ̀gbọ́n ló rí àṣìṣe mi lára àtẹ̀gùn ilé-ìwé yẹn."

Ọ̀gá yọ awò ojú rẹ̀. "Owó oṣù ẹnì kan ni apá mi ká mọ́. Gbogbo ọ́fíìsì bíi tiwa ló ń dín èèyàn kù. Bó bá rí bó o ṣe wí yìí, ṣé o mọ ẹni tí n óò mú, àtẹni tó máa lọ?"

Ó mọ̀. Ó ro ilé-ìwé àwọn ọmọ, ó ro ohun tí ọkọ rẹ̀ máa sọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́ gbé e padà. Ó gbé bírò pupa náà sórí tábìlì.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè é kó tó wọkọ̀."