Kò Sẹ́ni Tó Bi Mí Léèrè

…àbí kí n sọ fún wọn pé ọ̀fun ń dùn mí? Kí ẹlòmíì kà á. Noeline, ìyàwó Colin, jókòó síbẹ̀ yẹn, ó mọ̀wé kà jù mí lọ… rárá. Colin ti ní èmi ni. "Nga, ìwọ ni kó o bá mi kà á. Tí mo bá fi lè dúró níwájú àwọn aṣòfin yẹn, èébú ló máa jáde lẹ́nu mi." Ojú ìwé kan péré ni ọ̀rọ̀ tó kọ. Mo ti kà á lẹ́ẹ̀mẹfà láti àárọ̀, ìlà kan náà ni mo ń kọsẹ̀ lára rẹ̀.

Ẹni méjì ló kù kó tó kàn wá. Gbọ̀ngàn gbóná. Gbogbo Tokoroa, ìlú wa, ló wà níbí, àwọn ará ilé ìlagi, àwọn tó ń gégi nínú igbó. Aṣòfin márùn-ún ló wá láti Wellington, olú ìlú, láti gbọ́ tẹnu wa, torí ìjọba fẹ́ kí àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò aládàáni máa bójú tó ẹni tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, dípò àjọ ìjọba. A ò fẹ́. Èmi náà ò fẹ́. Mo fi báàjì ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sáyà, àbí mi ò fi í síbẹ̀?

Kí ló wá dé tí ọ̀rọ̀ ọkùnrin onítáì yẹn ò kúrò létí mi? Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ilé iṣẹ́ adójútòfò ló rán an wá. "Lónìí, bí èèyàn bá ṣèṣe, kò sẹ́ni tó ń béèrè ẹni tó fà á. Bí kò bá sẹ́ni tó béèrè, ta ló máa ṣọ́ra?" Ni gbogbo wa bá hó lé e lórí. Ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn: "Bọ̀dá, lọ ki ọwọ́ ara ẹ bọ ìdí ayùn ná, ká wo bó o ṣe máa ṣọ́ra!" Ẹ̀rín pa wá. Èmi náà hó. Ẹnu mi hó. Ṣùgbọ́n inú mi —

Colin nawọ́ sókè. Mo rí ọwọ́.

Ọdún kọkànlá rèé. Igi há sẹ́nu ẹ̀rọ, Colin bẹ̀rẹ̀ láti yọ ọ́, èmi wà nídìí bọ́tìnnì. Tó bá yọ ọ́ tán, á nawọ́ sókè, èmi á tẹ bọ́tìnnì. Ojoojúmọ́ là ń ṣe é. Mo rí ọwọ́, mo tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà… rárá. Má lọ síbẹ̀ yẹn.

Kò sẹ́ni tó bi mí. Ọ̀gá wa kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé igi há, òṣìṣẹ́ fara pa. Ó tán. Dókítà ń bi Colin ibi tó ń dùn ún. Àwọn ará àjọ ń bi í bó ṣe ń wẹ̀, bó ṣe ń de okùn bàtà. Wọ́n tọ́jú rẹ̀, wọ́n ń sanwó fún un, wọ́n kọ́ ọ bó ṣe máa fi ọwọ́ kan ṣe iṣẹ́ mìíràn. Kò sí lọ́yà, kò sí kóòtù. Òun alára ló ń fi ara rẹ̀ dápàárá nílé ọtí: "Ọwọ́ òsì ni mo fi ń mu bíà látilẹ̀wá, kí lẹ ń dárò fún mi?"

Bí kì í bá ṣe òfin yẹn tó ní kí wọ́n má béèrè ẹlẹ́bi ńkọ́? Wọn ì bá ní kó pè mí lẹ́jọ́. Ṣé á wá bá wa jókòó lórí ẹní nígbà òkú màmá mi? Ọjọ́ mẹ́ta ni òun àti Noeline fi bá wa ṣọ́ òkú. Òfin dáa. Mo ní òfin yẹn dáa!

Ṣùgbọ́n mi ò lè jókòó jẹ́ẹ́. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni mo ń gbé oúnjẹ lọ sílé wọn, ewé kókò tí mo fi omi àgbọn sè bí wọ́n ṣe ń sè é ní erékùṣù wa. Ọdún kọkànlá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá Noeline ṣílẹ̀kùn, ó bú sẹ́rìn-ín: "Ngametua, o fẹ́ fi oúnjẹ pa wá ni? Kí la ṣe fún ẹ gan-an?" Mo rẹ́rìn-ín. Mo wọlé lọ bá a fọ abọ́.

Ìlà yẹn tún nìyí. *Kò sẹ́ni tó bi mí pé ẹ̀bi ta ni, mo sì dúpẹ́, torí mo ní ọ̀rẹ́ kan tí mi ò fẹ́ pàdánù.* Ọ̀rẹ́ wo? Colin mọ̀. Kò mọ̀. Tó bá mọ̀, ṣé èmi ló yẹ kó gbé e fún?… Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń lá súìtì. Ó fi kùkùté apá rẹ̀ gún mi níhà díẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe tó bá fẹ́ kí n fọkàn balẹ̀. Ọlọ́run ò.

Ṣé mo fẹ́ kí àwọn onítáì wá ni? Kí ọ̀kan jókòó síwájú mi pẹ̀lú ìwé àti bírò, kó ní: Ngametua, kí lo rí? Mo rí ọwọ́ tó lọ sókè, sà. Ọwọ́ wo? Ọwọ́ tó… ó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, sà. Aláwọ̀ ìyeyè.

Colin kì í wọ ìbọ̀wọ́. Kò sẹ́ni tó ń wọ̀ ọ́ nídìí ayùn, ayùn á fà á wọlé tọwọ́tọwọ́.

Obìnrin tó ń po tíì fún wa nílé ìlagi ló ni ọwọ́ yẹn. Ó dúró lójú fèrèsé, abọ́ ló ń fọ̀, ó ń juwọ́ sí mi pé tíì ti délẹ̀. Ẹ̀yìn ni mo kọ sí Colin. Mi ò wò ó. Mi ò wò ó rárá.

Wọ́n ti pè é. "Colin Rapley." Ẹsẹ̀ mi ti gbé mi dìde. Màá kà á. Gbogbo rẹ̀ ni màá kà, tìlàtìlà, torí òótọ́ ló wà níbẹ̀: kò yẹ kí wọ́n bi í kí wọ́n tó tọ́jú rẹ̀, kò sì yẹ kí wọ́n bi ẹnikẹ́ni. Òfin ti ṣe tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n tá a bá ti jáde síta… òfin ò bi mí, Noeline ò bi mí, òun náà ò bi mí. Ta ló wá ní kí n dúró dìgbà tí wọ́n bá bi mí?