Apá Aṣọ Méjì

Apá òsì ni méjèèjì.

Kìíyẹ̀ tún wọn tò sórí tábìlì. Ó yí èkíní, ó yí èkejì, ó gbé wọn lé ara wọn. Kò sí bó ṣe yí wọn tí ọ̀kan nínú wọn fi di ọ̀tún. Aṣọ náà ní ojú, ó ní ẹ̀yìn. Òdòdó kún ojú rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ṣá bí aṣọ tó ti pẹ́ nínú oòrùn. Kò ku èyí tó tó bo àtẹ́lẹwọ́ nílẹ̀. Aago kan ti lù, aago mẹ́ta sì ni olùkọ́ tó ni aṣọ ń bọ̀.

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti ń ránṣọ. Àwọn oníbàárà ló sọ ọ́ ní Kìíyẹ̀, nítorí pé kì í yẹ àdéhùn, ohun tí wọn ò gbọ́ rí lọ́dọ̀ aránṣọ. Tó bá ní Ọjọ́bọ̀, Ọjọ́bọ̀ náà ni. Aṣọ á ti jẹ áyọ́ọ̀nù, á ti wà lórí ìkọ́. Àfi ìgbà tí rọpárọsẹ̀ yà sọ́dọ̀ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ní oṣù méje sẹ́yìn, tó sì gba gbogbo ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ara rẹ̀. Ẹsẹ̀ ti padà. Ẹnu tó wọ́ náà ti tò. Ọwọ́ ló ń fà sẹ́yìn. Wọ́n ní ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́. Oṣù méje gbáko ni òsì Kìíyẹ̀ fi ń dá wẹ ọ̀tún, ọ̀tún ò tíì rántí pé ó kan òun.

Ọwọ́ yìí náà ló fa àṣìṣe. Aránṣọ tí ara rẹ̀ dá kì í gé apá aṣọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Á ṣẹ́ aṣọ po sí méjì, á gbé bébà ìwọ̀n lé e, á gé méjèèjì pọ̀, ọ̀tún àti òsì á sì kọjú síra fúnra wọn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò lágbára tó lè fi àlùmọ́gàjí gba inú aṣọ onílọ́po méjì kọjá. Ló bá ń gé e níkọ̀ọ̀kan, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ìsinmi láàárín. Nígbà tó gé èkíní tán, inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń kọrin. Orin yẹn ni kò jẹ́ kó rántí yí bébà padà kó tó gé èkejì.

Ká ní aṣọ lásán ni, ìbá rọrùn. Ṣùgbọ́n ó ti bá Ọlọ́run ṣe àdéhùn lórí rẹ̀, ó sì ti sọ ọ́ sétí ọkọ rẹ̀: bí òun bá dá a rán parí láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, á jẹ́ pé òun ṣì jẹ́ aránṣọ. Bí kò bá ṣeé ṣe, kí wọ́n gbé máṣíìnì ìránṣọ òun fún ọkùnrin tó ti ń bèèrè láti rà á. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni ọkùnrin náà ní òun máa mú ọkọ̀ wá gbé e.

Ó jókòó, ó sunkún. Kò sunkún tó báyìí nílé ìwòsàn.

"Ọlọ́run mi," ó ní, "ṣé ìdáhùn rẹ rèé?"

Ṣùgbọ́n ojú aránṣọ ò mọ bí wọ́n ṣe ń sinmi, omijé ìbáà wà níbẹ̀. Ó rí i pé àwọn apá náà fẹ̀ délẹ̀, bí olùkọ́ ṣe ní kó rán wọn. Bó bá sọ̀ kalẹ̀ ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ méjì lára èyí tó bàjẹ́, tó yí bébà, tó gé èjìká tuntun sí i, ọ̀tún máa jáde níbẹ̀. Á wá gé èkejì kúrú kí wọ́n bára mu. Apá gígùn á di apá tó mọ ní ìgúnpá. Ṣùgbọ́n aṣọ náà ń yọ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì ti rẹ̀ ẹ́. Bí àlùmọ́gàjí bá ṣìnà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó parí nìyẹn. Ó nílò ẹni tí yóò bá a di aṣọ mú, ènìyàn kan péré ló sì wà nínú ilé.

Ó wo ilẹ̀kùn fún ìgbà díẹ̀. Àdéhùn tó bá Ọlọ́run ṣe, àdéhùn ni. Aago mẹ́ta tó dá fún olùkọ́ náà, àdéhùn ni. Èwo ni kó wá yẹ̀ nínú méjèèjì? Ọlọ́run á ṣeé bẹ̀. Olùkọ́ ti ń bọ̀ lọ́nà.

"Bàbá Ìbejì!" ó pè. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá."

Ọkọ rẹ̀, awakọ̀ àjàgbé tó ti fẹ̀yìn tì, dé, ó sì dúró sẹ́nu ọ̀nà. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, Kìíyẹ̀ kì í gbà kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan aṣọ tó bá wà lórí tábìlì yẹn.

"Ṣé kí n wọlé?"

"Ẹ lọ fọ ọwọ́ yín ná."

Ó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbé àwọn ìka rẹ̀ tó ki pọ́pọ́ lé ibi tí ìyàwó rẹ̀ fi hàn án, ó sì dúró gbagidi.

"Ìyá Ìbejì, mo ti wa ọkọ̀ tó kún fún epo sọ̀kalẹ̀ lórí òkè, tí bíréèkì ò mú. Ẹ̀rù ò bà mí tó báyìí."

"Ẹ má mí sí aṣọ yẹn."

"Mi ò tiẹ̀ mí rárá."

Ẹ̀rín pa Kìíyẹ̀. Nígbà tó rín in tán, ọwọ́ rẹ̀ ti fúyẹ́ díẹ̀, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í gé e. Nígbà tó dé ibi tí èjìká ti ń ṣẹ́ kọ́lọ́, àwọn ìka rẹ̀ gan. Àlùmọ́gàjí là, kò sì pa dé. Ọkọ rẹ̀ kò já a gbà. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í kà jẹ́jẹ́, bó ṣe máa ń kà láràárọ̀ tó bá ń bá a na àwọn ìka náà.

"Ọ̀kan. Èjì."

Kó tó pe ẹ̀ta, àlùmọ́gàjí ti pa dé, ó sì ń lọ. Ó gé èkejì kúrú, ó sì fi máṣíìnì rán méjèèjì mọ́ ara aṣọ tó ti rán kalẹ̀, ọkọ rẹ̀ ń na abẹ́rẹ́ sí i.

Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni olùkọ́ wọlé. Òun ló kọ́ àwọn ìbejì wọn níwèé. Ọjọ́ yẹn ni iléèwé fẹ́ ṣe ìdágbére fún un. Oṣù méje ni aṣọ rẹ̀ fi wà níbẹ̀ tí kò gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Ó wọ̀ ọ́, ó yípo níwájú dígí, ó wo ìgúnpá rẹ̀.

"Kìíyẹ̀, apá gígùn la jọ sọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Mo ṣì í gé ni. Ẹ jọ̀ọ́, mà."

Olùkọ́ tún yípo. "Apá gígùn ni mo fẹ́ o, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ta ló tún máa rán an tó máa jókòó sí mi lára báyìí? Ká tiẹ̀ ní o rán an láìlápá, màá kàn bínú ni, màá sì wọ̀ ọ́." Ó fà á mọ́ra. "O ti padà dé. Ọlọ́run ṣeun. Ṣé ìwọ nìkan lo rán an?"

Kìíyẹ̀ lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọkọ rẹ̀, tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì pẹ̀lú abẹ́rẹ́ mẹ́rin tó gún mọ́ àyà ẹ̀wù rẹ̀, ti gbójú síta kí ìyàwó rẹ̀ lè rí àyè sọ bẹ́ẹ̀.

"Rárá, mà," ó ní. "Àwa méjèèjì ni."

Nígbà tí olùkọ́ lọ tán, ọkọ rẹ̀ ń ṣa àwọn àjákù aṣọ nílẹ̀.

"Ọkùnrin yẹn á dé laago mẹ́fà. Kí ni kí n sọ fún un?"

"Ẹ sọ fún un pé a ṣì ń lò ó."

Ó mi orí pé òun gbọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ abẹ́rẹ́ kúrò láyà ẹ̀wù, ó ń dá wọn padà sínú agolo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kìíyẹ̀ ń wo ọwọ́ ọkọ rẹ̀. Ọwọ́ yìí ló ń wẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ yìí ló ń di irun rẹ̀, tó máa ń le bí ẹni di ẹrù sẹ́yìn ọkọ̀. Òun ló ń gbé ife sí i lẹ́nu nígbà tí ẹnu wọ́, tó sì ń nu èyí tó bá dà láìjẹ́ kó dà bíi pé nǹkan kan dà. Láràárọ̀ ni Kìíyẹ̀ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run: fún ẹ̀mí, fún ẹsẹ̀, fún àwọn dókítà, fún àwọn tó wá kí i, àní, ó ti dúpẹ́ fún ọ̀pá tó fi ń rìn. Ẹni tó bá mọ inú rò á mọ ọpẹ́ dá, ó sì dá a lójú pé òun mọ inú rò. Ṣùgbọ́n nínú oṣù méje, kò tíì wo ojú ọkùnrin yìí kó sọ ọ́ fún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

"Ẹ ṣeun," ó ní.

"Nítorí aṣọ tí mo bá ọ dì mú?" Ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ti ń kọrí sẹ́nu ọ̀nà.

Kìíyẹ̀ fi ọwọ́ ọ̀tún fa àga kan síwájú. Àga ń ha ilẹ̀, ṣùgbọ́n ó fà á dé ibi tó fẹ́.

"Ẹ padà wá jókòó," ó ní. "Ọpẹ́ yín pọ̀. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ tí àìsàn yìí dé ni màá ti bẹ̀rẹ̀."