Ojú Tí Kámẹ́rà Fẹ́ràn

…wọ́n tún ti ń yà á ní fọ́tò. Mo mọ̀! Ọjà ìpín ìdókòòwò ò tíì já wálẹ̀ ju ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún lọ, onífọ́tò ìwé ìròyìn ti dé iwájú Carmine, Carmine náà ti káwọ́ lérí bí ẹni tí ilé ẹ̀ jó. Ilé wo? Ọkùnrin tó jẹ búrẹ́dì méjì láàárọ̀ yìí.

Ọdún mọ́kànlélógún la ti jọ ń dúró nílẹ̀ ọjà yìí ní New York, ejìká mi lára ejìká ẹ̀, jákẹ́ẹ̀tì búlúù kan náà. Nígbà yẹn, ariwo niṣẹ́ wa. Ẹni tóhùn ẹ̀ bá ròkè ló ń rà. Ní báyìí kọ̀ǹpútà ń rà, kọ̀ǹpútà ń tà, àwa… àwa dúró.

Ọjọ́ Ẹtì. Ọjọ́ Ẹtì ni Lorna, ọ̀gá wa, máa mú ẹnì kan nínú àwa méjèèjì. Ẹnì kan á ṣẹ́kù síbí, ẹnì kejì á lọ máa ṣe tiẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà nílé, òun àti ògiri. Lọ́jọ́ tó sọ ọ́, ó ní, "Ẹ fún mi nídìí kan péré tí ọjà yìí ṣì fi nílò èèyàn tó dúró nínú ẹ̀." Èmi ti ń to ọ̀rọ̀ mi — pé tí nǹkan bá dàrú, ojú èèyàn lèèyàn máa ń wò, pé… Carmine já lù mí. "Ọ̀gá, tí ọjà bá já, ta ni wọ́n fẹ́ yà? Kọ̀ǹpútà kì í fajú ro." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Lorna pàápàá! Lorna tí kì í rẹ́rìn-ín títí di Kérésì.

Ìyàwó mi gé fọ́tò Carmine nínú ìwé ìròyìn nígbà kan, ó lẹ̀ ẹ́ mára fìríjì. "Fergus, wo bọ́rẹ̀ẹ́ ẹ ṣe ń jìyà. Ó mà ṣe o!" Ó ṣe? Èmi ni mo ta ìpín lásìkò tí ò yẹ lọ́jọ́ yẹn. Èmi ni mi ò lè jẹun. Carmine ń ronú ibi tó ti máa jẹ tiẹ̀ ni. Ìgbọ̀nwọ́ mi wà nínú fọ́tò yẹn o. Mo fi han ọmọ mi. "Dádì, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé tiyín ni?"

Mo ti dán an wò nínú dígí. Mo fajú ro, mo lanu. Mo jọ ẹni tí eyín ń dùn.

Kí inú tiẹ̀ run Carmine lọ́jọ́ Ẹtì… díẹ̀ ni. Kò ní pa á.

Wò ó. Ó mọ ibi tíná ti ń tàn wá, alárékérekè yìí. Àti irun funfun yẹn! Kí ló dé tórí tèmi wá pá? Wò ó, wò ó…

Kí ló ń dún ká-ká-ká yìí?

Onífọ́tò ti kẹ̀yìn sí Carmine. Èmi ló ń yà. Èmi! Ó ń mi orí bí ẹni tó rí ohun tó ti ń wá látàárọ̀. Ó ń gbé kámẹ́rà bọ̀ kí n rí fọ́tò náà.

Háà. Ọkùnrin inú fọ́tò yìí ń jìyà lóòótọ́. Wọ́n á ní ọjà ló ṣe é. Àmọ́ apá ọ̀tún ni pátákó iye ìpín wà, apá òsì lojú mi ń wò… Carmine ni mò ń wò.

Bi mí ní iye tí ìpín kan jẹ́ láti àárọ̀, mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé orúnkún ọ̀tún ń dùn ún. Mo mọ̀ pé ṣúgà mẹ́ta ló fi mu kọfí. Àdúrà tí mò ń gbà láti ọjọ́ tí Lorna ti sọ̀rọ̀ ni pé kó jẹ́ òun ló máa lọ. Kó lọ… kí èmi dúró síbí, kí n máa wo ta ni?

Ó ti ń bọ̀. Ó ń tiro bọ̀ wá wo fọ́tò náà, ó ń rẹ́rìn-ín.

Mo fi ọwọ́ bo kámẹ́rà.