Àparò Tó Pa Oyè Skelbeck

Wọ́n ní ìdílé wa ti tán. Kánọ́ọ̀nù Thwaite, àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì wa, ló sọ ọ́ lójú mi, nínú yàrá àlejò wa, pẹ̀lú ife tíì wa lọ́wọ́ rẹ̀ àti èérún kéèkì wa ní irùngbọ̀n rẹ̀. Èmi Theodosia jókòó síwájú rẹ̀, mo sanra, mo ń mí. Ambrose ẹ̀gbọ́n mi dúró lẹ́bàá fèrèsé, orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà. Ìyá wa wà lókè, à ń gbọ́ bó ṣe ń fọn imú. Àwa la ti tán yẹn.

"Oyè ló tán, Mísì Theodosia," ni Kánọ́ọ̀nù wí nígbà tó rí ojú mi. "Mi ò sọ pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ ti tán."

"Ẹ ṣeun," mo ní. "Ẹ̀rù ti ń bà mí."

Bàbá wa, Marmaduke, Lọ́ọ̀dù Skelbeck kẹfà, ló kú lọ́sẹ̀ yẹn. Kí ẹ tó máa bá wa sọkún oyè tó bá a lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ irú oyè tó jẹ́, kí ẹ má lọ fi omijé ṣòfò.

Ọba kan ló fi Humphrey baba ńlá wa jẹ ẹ́, nítorí pé ó ṣí ẹnubodè ìlú sílẹ̀ fún un ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn tó ti tì í mọ́ ọba kan náà láàárọ̀. Ohun tó yí i lọ́kàn padà láàárín òwúrọ̀ sí ìrọ̀lẹ́, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyẹn tí ọwọ́ tó di kọ́kọ́rọ́ mú fi wà lókè àmì ìdílé wa. Àparò kan ò ga ju ọ̀kan lọ, àfi èyí tó bá gun orí ebè; ebè tí Humphrey gùn nìyẹn. Lọ́ọ̀dù kejì mutí yó lọ́jọ́ Kérésì, ó ṣubú sódò. Ìkẹta ló kọ́ ilé wa. Ó kọjú rẹ̀ sí àríwá kí àwọn tó ń gba títì kọjá lè máa wò ó, láti ìgbà náà sì ni òtútù ti ń pa wá. Ìkẹrin bá aládùúgbò rẹ̀ ṣẹjọ́ lórí ògiri kan títí àwọn méjèèjì fi kú, ògiri náà sì wó lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ìkarùn-ún, bàbá bàbá mi, nìkan ni mo gbọ́ pé ó jẹ́ èèyàn gidi, ẹṣin sì ti gbé e ṣubú kí wọ́n tó bí mi. Ẹ wò wọ́n, kò sí ọ̀kan tó ṣe ohun tí ẹ lè fi kọ́ ọmọ yín.

Ṣùgbọ́n wọ́n ń gbéyàwó kí wọ́n tó bí ọmọkùnrin, òfin oyè ò sì béèrè ju ìyẹn lọ. Ọmọbìnrin kì í jẹ ẹ́. Ọmọkùnrin tí wọ́n bí kí ìyá rẹ̀ tó wọ òrùka kì í jẹ ẹ́, bí bàbá àti ìyá rẹ̀ tilẹ̀ padà fẹ́ra wọn lójú gbogbo bíṣọ́ọ̀bù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èmi ni ọmọbìnrin yẹn. Ambrose ni ọmọkùnrin yẹn.

Gbogbo Skelbeck ló mọ̀. Imú Bàbá ló wà lójú Ambrose, ìrìn Bàbá ló ń rìn. Òun ló ń bójú tó oko wa, òun ló ń ṣọ́ orí òkè wa, òun ló sì ń kó àwọn ọkùnrin abúlé jọ lọ́dọọdún láti lé àparò sójú ìbọn Bàbá, nínú òjò, nínú ẹrẹ̀ tó dé orúnkún. Tó bá di alẹ́, á jókòó sórí tábìlì kan náà pẹ̀lú wa, á sì pe Bàbá ní "Lọ́ọ̀dù mi". Bàbá ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ ní kékeré, ó ní kó má baà da àlejò lọ́kàn rú. Àlejò lọ, orúkọ yẹn ò lọ. Mi ò gbọ́ kó pè é ní Bàbá rí, kódà lórí ibùsùn ikú, nígbà tó ń bá a nu itọ́ ẹnu. "Ẹ rọra, Lọ́ọ̀dù mi." Inú bí mi débi pé ó ku díẹ̀ kí n la abọ́ ọbẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ẹ̀yin náà á béèrè ohun tó fà á tí ìgbéyàwó fi pẹ́. Ohun tí Bàbá sọ fún wa ni pé ìyá òun ni kò gbà. Ó ní ìyá òun ò fẹ́ ọmọ ẹni tó ń lọ ọkà létí odò, pé òun fara balẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí inú rẹ̀ fi rọ̀, ìgbà tó sì fi máa rọ̀, Ambrose ti dé. Àwòrán ìyá àgbà náà wà lẹ́bàá àtẹ̀gùn wa. Láti kékeré ni mo ti máa ń yọ ahọ́n sí i tí mo bá ń kọjá, mi ò sì tíì ṣíwọ́ pẹ̀lú bí mo ṣe dàgbà tó yìí.

Ọ̀rọ̀ pátákó ni Kánọ́ọ̀nù bá wá. Tí Lọ́ọ̀dù bá kú, wọ́n á kun àmì ìdílé rẹ̀ sórí pátákó dúdú, wọ́n á gbé e kọ́ sókè ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ fún ọdún kan, lẹ́yìn náà yóò di ti ṣọ́ọ̀ṣì títí ayé. Ti àwọn márààrún wà níbẹ̀, ọwọ́ márùn-ún, kọ́kọ́rọ́ márùn-ún. Ṣùgbọ́n ẹni tí oyè bá tán sí lọ́wọ́, wọ́n á yọ àmì òkè yẹn kúrò, wọ́n á fi agbárí òkú rọ́pò rẹ̀. Akunlé kan tó mọ iṣẹ́ náà, Ọ̀gbẹ́ni Garside, ti dé láti York. Ó ti to àwọn ọ̀dà rẹ̀ sínú ilé ẹṣin wa.

"Agbárí ta ni?" mo bi Kánọ́ọ̀nù.

"Kì í ṣe ti ẹnì kankan. Àmì ni."

"Ambrose, fọwọ́ kan orí rẹ wò. Ṣé ó ṣì wà níbẹ̀?"

"Ó wà," ni Ambrose wí. "Ó sì ń fọ́ mi."

Kánọ́ọ̀nù gbé ife sílẹ̀. "Bí ẹ bá fi kọ́kọ́rọ́ síbẹ̀, ẹ ń sọ pé ẹnì kan ṣì ń bọ̀ wá jẹ ẹ́ nìyẹn. Irọ́ sì ni. Irọ́ ò gbọdọ̀ wọ ṣọ́ọ̀ṣì mi."

"Òkúta Lọ́ọ̀dù kejì wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì yín. Wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé kò fẹnu kan ọtí rí."

Ó dìde, ó gbọn èérún kúrò ní irùngbọ̀n rẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì wa, ó ní àṣà ni àṣà, ó sì lọ.

Kì í ṣe oyè ló ń dùn mí. Kí oyè kú, ó pẹ́ tó ti ń kú bọ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé agbárí yẹn máa wà lára ògiri nígbà tí àwa bá ti jẹrà. Ẹni tó bá wọlé á gbójú sókè, á ní, "Ẹ wo Lọ́ọ̀dù tí kò bímọ." Ambrose tó lo gbogbo ayé rẹ̀ nínú ẹrẹ̀ bàbá rẹ̀ á wá dà bí ẹni tí kò wá sáyé rí.

"Jẹ́ kí wọ́n kùn ún, Dosia," ó ní. "Pátákó lásán ni."

"Ìwọ gan-an ni pátákó," mo ní, mo sì jáde síta kí n má baà sọ jù bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán ọjọ́ kejì, Garside ti kun agbárí náà dé eyín. A wà lọ́dọ̀ rẹ̀ nínú ilé ẹṣin, èmi àti Ambrose, nígbà tí Ìyá wa wọlé pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Òórùn ọ̀dà ló fà á wá. Ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́, ó sún mọ́ pátákó náà títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọ̀dà tútù.

"Ta ló ń yọ eyín sí mi báyìí?"

"Agbárí ni, Ìyá," mo ní. "Ó túmọ̀ sí pé Bàbá ò fi ẹnì kankan sílẹ̀."

"Èmi Keziah tí mo bímọ méjì."

"Ẹ bi ìyá ọkọ yín léèrè. Òun ló fà á, kí Ọlọ́run dárí jì í, èmi ò tíì dárí jì í."

"Ìyá ọkọ mi kẹ̀?" Ó yíjú sí mi. "Ìyá ọkọ mi ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe kéèkì ìgbéyàwó mi."

Garside gbé búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ dúró. Ambrose fa àpótí kan wá fún Ìyá, ó jókòó, ó fi ọ̀pá sáàárín ẹsẹ̀.

"Wọ́n ti ṣe ìkéde ìgbéyàwó wa tán ní ṣọ́ọ̀ṣì," ó ní. "Oṣù kẹjọ la fi í sí. Ikùn mi ti yọ débi pé wọ́n ti tú ẹ̀gbẹ́ aṣọ mi. Àfi bí ẹnì kan ṣe kọ̀wé sí bàbá yín láti òkè Swarfell, pé kó máa bọ̀ wá yìnbọn, pé àparò pọ̀ lọ́dún yìí. Ó wá bá mi létí odò. Ó ní, 'Keziah, àparò ò ní dúró dè mí. Àlùfáà á dúró.' Ó ní òun ò ní pẹ́. Ó kúrò ní òkè yẹn, ó bọ́ sí òmíràn. Ìyá rẹ̀ kọ̀wé kọ̀wé títí ó fi sú u. Ó ń da ọtí sí kéèkì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kó má baà bàjẹ́. Ìwọ Ambrose ò dúró dè é ní tìẹ. Ọjọ́ tó wọlé, ó gbé àpò àparò rẹ̀ sílẹ̀, ó wò ọ́ nínú apẹ̀rẹ̀, ó ní, 'Áà, eléyìí yá jù.' O ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí a tó dé iwájú pẹpẹ. A jẹ kéèkì yẹn náà. Ọtí inú rẹ̀ pọ̀ débi pé àlùfáà ń kọrin lọ sílé."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa?"

"Ó bẹ̀ mí. Ó ní wọ́n á fi òun ṣẹ̀sín ní Ilé Àwọn Lọ́ọ̀dù. Ìyá rẹ̀ ló ní kó gbé ẹ̀bi náà lé òun lórí, nítorí ọmọ òun ni. Èmi náà fẹ́ràn rẹ̀, òmùgọ̀ èèyàn bíi tèmi."

Gbogbo ọdún tí mo fi ń yọ ahọ́n sí arúgbó tó ń da ọtí sí kéèkì. Gbogbo ọdún tí mo fi ń káàánú ọkùnrin tó jókòó sórí àga, tó ń mi orí, tó ń sọ pé, "Ìyá mi le, Dosia, ìyá mi le." Nítorí àparò. Ìbá tiẹ̀ jẹ́ ogun, ìbá jẹ́ obìnrin mìíràn, ǹ bá rí nǹkan gidi tí mo lè torí rẹ̀ bínú sí i bí èèyàn. Bó bá wà láàyè ní wákàtí yẹn, ẹ̀mí kan ì bá sọnù nínú ilé ẹṣin náà.

Ambrose ò bínú. Ìyẹn ló tún bí mi nínú jù. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi Ìyá.

"Mélòó ni?"

"Kí ni mélòó?"

"Àparò tó gbé bọ̀ nínú àpò."

Ìyá ronú. "Mẹ́ta," ó ní. "Òjò pọ̀ lọ́dún yẹn."

Ambrose mi orí, ó dé fìlà rẹ̀, ó jáde lọ sínú oko.

Mo yíjú sí akunlé. "Ọ̀gbẹ́ni Garside, ẹ pa agbárí yẹn rẹ́."

"Mísì, Kánọ́ọ̀nù ní kí n..."

"Kánọ́ọ̀nù ò sí níbí. Ṣé ẹ lè kun àparò?"

"Mo lè kun ohunkóhun tó bá dúró jẹ́ẹ́."

"Wọ́n so rọ̀ nínú ilé ìdáná wa. Wọ́n dúró jẹ́ẹ́ gan-an."

Nígbà tí Kánọ́ọ̀nù rí i lókè ẹnu ọ̀nà wa, ó bọ́ fìlà, ó tún un dé. Ó béèrè ohun tí ẹyẹ ń ṣe níbi tí agbárí yẹ kó wà.

"Ohun tó pa oyè wa nìyẹn," mo ní. "Ẹ ní irọ́ ò gbọdọ̀ wọ ṣọ́ọ̀ṣì yín. Mo bá yín wá òtítọ́ rí."

"Àwọn èèyàn á máa béèrè, Mísì Theodosia. Ẹ ro orúkọ bàbá yín."

"Mo rò ó dáadáa. Tí wọ́n bá béèrè, màá dá wọn lóhùn. Tí mo bá kú, ẹ bá mi dá wọn lóhùn."

Kò rí nǹkan ṣe sí i. Àwọn baba ńlá wa ló kọ́ apá ṣọ́ọ̀ṣì tí àwọn pátákó wà, àṣẹ rẹ̀ ò sì dé ibẹ̀.

Ọdún yípo. Ambrose ló gun àkàsọ̀, ó kan pátákó náà mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn kọ́kọ́rọ́ márààrún. Ìyá jókòó sórí bẹ́ǹṣì wa, mo dúró tì í, òkúta ibojì Bàbá wà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ambrose parí, ṣùgbọ́n kò sọ̀kalẹ̀. Ó ń wo ẹyẹ yẹn bí ẹni tó ń wò ó lọ́jà.

"Kò jọ ọ́," ó ní.

"Kí ni kò jọ?"

"Ó sanra jù. Òjò ti pa àwọn mẹ́ta yẹn rù. Àwọn tí Bàbá pa ò lè ní ẹran lára tó báyìí."

Ìyá di ọwọ́ mi mú. Òun náà gbọ́ "Bàbá" yẹn. Ambrose nìkan ni kò mọ̀ pé òun sọ ọ́. Ó ti ń wá ibi tó máa fi ẹsẹ̀ sí lórí àkàsọ̀. Kí ó tó dé ilẹ̀, mo gbé ẹsẹ̀, mo fi gìgísẹ̀ bàtà mi gbá òkúta yẹn lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú gbogbo agbára mi, bóyá ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀ á gbọ́.