Láàárín Ìlúpéjú àti Ọ̀yẹ́

…kò sì sí ohun tó fi dá mi lójú pé wọ́n á wá. Kò sí. "Ẹ ṣáà pè wá, Àǹtí, ká tó ṣẹ́jú a ti dé." Bẹ́ẹ̀ ni Ajíbọ́lá tó ń polówó ilé-iṣẹ́ wọn wí, ó ń rẹ́rìn-ín. Kí ló ń pa á lẹ́rìn-ín? Fọ́ọ̀mù rẹ̀ ló wà lórí itan mi nínú ọkọ̀ yìí, nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ wa l'Ọ́tùn, bírò sì wà lọ́wọ́ mi. Kí n san owó kan lọ́dún. Bí ọkọ̀ mi bá kú lójú ọ̀nà, kí n tẹ̀ wọ́n láago, kí wọ́n wá tún un ṣe, tàbí kí wọ́n wọ́ ọ dé ibi tí mò ń lọ. Ó dùn-ún gbọ́. Ó tilẹ̀ ti dùn jù.

Abẹ́ igi máńgòrò ló dúró sí tó ń retí mi. Tíṣà mẹ́fà ti fọwọ́ sí tiwọn. Kò wo ojú mi, ọkọ̀ mi ló ń wò. Kí ló ń wò lára rẹ̀?

Kí n rọra kà á. "A ó dé ọ̀dọ̀ yín níbikíbi tí ọkọ̀ wa bá lè gbà." Níbikíbi tí ọkọ̀ wọn bá lè gbà! Ta ló máa sọ ibi tí ọkọ̀ wọn lè gbà? Àwọn náà ni. Adó sì ni ọ́fíìsì wọn wà. Kí wọ́n tó ti Adó dé ọ̀nà Ìlúpéjú, àwọn ọmọ kíláàsì mi á ti ṣe ìdánwò tán, wọ́n á ti lọ sílé.

Ìdánwò… Ọjọ́ Ajé ló máa bẹ̀rẹ̀. Ìgbà mẹ́ta ni ọkọ̀ yìí ti mú mi pẹ́ ní sáà yìí. Ọ̀gá wa, Ìyáàfin Ọmọ́bọ́lá, kò pariwo — ì bá tiẹ̀ pariwo — ó kàn fi kúẹ́rì lé mi lọ́wọ́. "Fọláṣadé, kó má di ẹ̀ẹ̀kẹrin o. Bó bá di ẹ̀ẹ̀kẹrin, orúkọ yín á lọ s'Ádó, ibi tó bá wù wọ́n ni wọ́n á gbé yín lọ." Ibi tó bá wù wọ́n. Láti Ìkọ̀lé tí mò ń gbé wá s'Ọ́tùn lójoojúmọ́ kò tíì jìnnà tó…

Mẹ́ta. Ó dáa, kí n tò ó bí mo ṣe ń tò ó fún àwọn ọmọ kíláàsì kejì. Ẹ má tíì dáhùn, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó jọra. Kí ló jọra? Orí bátìrì ni, lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Irin tó di orí bátìrì mú á ti dẹ̀, ọkọ̀ á kó sí kòtò, irin á yọ, gbogbo nǹkan á pa lójijì bí ìgbà tí wọ́n mú iná lọ. Ibo ni? Láàárín Ìlúpéjú àti Ọ̀yẹ́. Lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta! Kò kú ní Ìdó rí. Kò kú rí nígbà tí mo bá ń padà sílé. Àárọ̀ ni, àárọ̀ nìkan.

Sọ̀fíyù nìyẹn. Rewáyà tó ń tún iná ọkọ̀ mi ṣe ni, àtiwọ Ọ̀yẹ́ ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Bí ọkọ̀ bá kú níbẹ̀, ọ̀dọ̀ ta ni wọ́n á gbé e lọ? N kò fẹ́ purọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ṣùgbọ́n mo ti bi í léèrè. "Sọ̀fíyù, ṣé o di nǹkan yìí dáadáa?" Ó fajú ro. "Àǹtí Tíṣà, wallahi, mo dì í. Ẹ wo nọ́ọ̀tì ẹ̀, kò jẹ rárá. Nǹkan yìí ò dẹ̀ fúnra ẹ̀, sípánà ni wọ́n fi tú u." Ta ló tú u? "Èmi ò mọ̀ o. Ẹ wo inú ilé yín."

Inú ilé mi! Èmi àti Ìyìnolúwa, ọmọ ọdún méje tí kò lè gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè? Ó kàn fẹ́ yẹ ọ̀rọ̀ kúrò lórí ara rẹ̀ ni.

Àbí Ajíbọ́lá… Kí ló dé tó jẹ́ ọ̀sẹ̀ tí mo gba kúẹ́rì gan-an ló kó fọ́ọ̀mù dé? Bí ó bá ní ẹni tó ń rán, tó ń tú orí bátìrì àwọn tíṣà nínú ọgbà yìí, kí àwọn tíṣà lè… Fọláṣadé, rọra. Bó bá jẹ́ ibí ni wọ́n ti tú u, ìrọ̀lẹ́ ni ì bá kú. Bó bá sì jẹ́ Ìkọ̀lé, pẹ̀lú gbogbo kòtò tó wà lọ́nà, ì bá ti yọ kí n tó dé Ìlúpéjú. Nítorí náà, Ìlúpéjú ni wọ́n ti —

Rárá.

Ta ló ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì mi ní Ìlúpéjú? Kò sẹ́ni tó ń ṣí i. Àfi Bàbá mi. Omi ni Bàbá ń wò, omi àti ọ́ìlì. Ọgbọ̀n ọdún ló fi wa lọ́rì, tó ń kó kòkó láti Òmù lọ sí Ìbàdàn. Ọkọ̀ kan ò lè dúró níwájú rẹ̀ kó má yẹ̀ ẹ́ wò. Láti ìgbà tí Màámi ti kú ni mo ti ń dúró níwájú ilé rẹ̀ láràárọ̀, kí n na mọ́ínmọ́ín méjì sí i láti ojú fèrèsé ọkọ̀. Bọ́nẹ́ẹ̀tì á lọ sókè, n kò ní rí i mọ́, ohùn rẹ̀ nìkan ni màá máa gbọ́. "Ṣadé, o ò ní wọ ulé?" "Mo ti pẹ́, Bàbá." Ìṣẹ́jú mẹ́ta. N kì í pa ẹ́ńjìnnì.

Bàbá kọ́. Bàbá ló ń gbà mí sílẹ̀! Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, òun ni mo pè nítorí ibẹ̀ kò jìnnà sí i. Ọ̀kadà ló gbé e dé, àpótí irinṣẹ́ wà lórí itan rẹ̀. Ó ya ẹ̀ka igi, ó tẹ́ ewé sẹ́yìn ọkọ̀ kí àwọn tírélà má bàa kọ lù wá. Ó gbìyànjú sípánà kan, ó gbìyànjú òmíràn, ó lé ní wákàtí kan. Ó ń sọ fún mi nípa ọjọ́ tí lọ́rì rẹ̀ sùn sínú igbó, a sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. "Uṣẹ́ mi rè é," ó ní, "kò tíì gbàgbé mi." Ó ti pẹ́ tí mo ti rí i kó dúró ṣánṣán bẹ́ẹ̀.

Lẹ́ẹ̀kejì, kò pẹ́ rárá tó fi dé. Lẹ́ẹ̀kẹta… dúró ná. Lẹ́ẹ̀kẹta, kí ni mo sọ fún un lórí fóònù? "Bàbá, ọkọ̀ ti kú." Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi gan-an ò mọ ohun tó ṣe é. Ó sì dé. Àpótí dà?

Kò gbé àpótí.

Ó ti ọwọ́ bọ àpò bùbá rẹ̀, ó yọ sípánà kan ṣoṣo. Nọ́ńbà tẹ́ẹ̀nì, èyí tó bá orí bátìrì mu. Mọ́ínmọ́ín méjèèjì tí mo fún un láàárọ̀ ọjọ́ náà sì wà nínú ọ̀rá lọ́wọ́ kejì, kò tíì fẹnu kàn wọ́n. Ó na ọ̀kan sí mi.

Sípánà kan. Fún ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ ohun tó ṣe é.

Ó yẹ kí inú bí mi. Inú ń bí mi. Kúẹ́rì! Iṣẹ́ mi! Ṣé ó mọ̀ pé mo gba kúẹ́rì? N kò sọ fún un. Ìgbà wo ni màá sọ ọ́? Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tó ń pariwo? Sọ̀fíyù… màá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Sọ̀fíyù. Ó ní kí n wo inú ilé mi.

Ajíbọ́lá ti ń gbọn eruku lára ṣòkòtò rẹ̀, ó ń wo aago. Ìlà kan ló ṣẹ́ kù tí n kò tíì kọ nǹkan sí: "Kí ló fa èyí tó ti ṣẹlẹ̀ sẹ́yìn?" Bírò wà lórí ìlà náà. Kí ni kí n kọ? Àwọn wọ̀nyí lè wá o. Wọ́n lè yára wá pàápàá, kí wọ́n di orí bátìrì le dan-in dan-in, kí wọ́n máa lọ…

Ọjọ́ Ajé, màá jí ní aago mẹ́rin. Ilẹ̀ ò ní tíì mọ́ tán tí màá fi dé Ìlúpéjú. Màá pa ẹ́ńjìnnì.