Ọ̀rọ̀ Méjì Létí Aṣọ Mi

Ọwọ́ kan kì í gbé ẹrù dé orí, ẹ̀yin ìyá ìjọ. Kí a tó kúnlẹ̀ àdúrà, ẹ jẹ́ kí n rọ́ àlá tí mo lá lóru àná fún yín.

Ẹ mọ Bàbá Táyélolú, ọkọ mi, ará Kétu, tó ti ń bá mi gbé ní Ìlárá níbí láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Bí ọkùnrin ilẹ̀ wa bá fẹ́ obìnrin òkèèrè, ìwé òfin fàyè gba aya náà láti di ọmọ ilẹ̀ yìí. Bí obìnrin bíi tèmi bá fẹ́ ọkùnrin òkèèrè, ìwé òfin dákẹ́. Ìwé ìgbélùú ọkọ mi ti kú. Ló bá di ẹrù rẹ̀, ó ní òun ń padà sí Kétu, kí òun lọ kú síbi tí wọn ò ti ní bi òun léèrè pé ọmọ ta ni.

Lójú àlá, mo so ọ̀rọ̀ méjì mọ́ etí aṣọ mi: “tàbí ọkùnrin.” Wọ́n ń wúkọ́ níbẹ̀ bí ọmọ ọwọ́. Mò ń gbé wọn lọ sínú ìwé òfin, kí wọ́n lọ jókòó ti “obìnrin.”

Ojú òfuurufú ni mo ti bá ọ́fíìsì òfin, ó ń léfòó. Mo fi gèlè mi so ó mọ́ igi kí n tó wọlé. Akọ̀wé onírùngbọ̀n kan ní, “Màmá, ilé aṣòfin méjì lẹ ó kọ́kọ́ wọ̀. Nínú ìkọ̀ọ̀kan, ìdá méjì nínú ìdá mẹ́ta wọn gbọ́dọ̀ nawọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ìpínlẹ̀ mẹ́rìnlélógún nínú mẹ́rìndínlógójì. Ẹ̀yìn náà ni ààrẹ á tó fọwọ́ sí i.”

“Ọ̀rọ̀ méjì péré ni, ọmọ mi.”

“Bó jẹ́ àmì ohùn kan, Màmá, ọ̀nà kan náà ni.”

Ilé méjèèjì nawọ́. Bí mo ṣe ń kúnlẹ̀ dúpẹ́, ilẹ̀ abẹ́ orúnkún mi di òpópónà, ìlẹ̀kùn mẹ́rìndínlógójì tò sí i. Mo ń kàn wọ́n. Ọkọ mi jókòó sórí àpótí rẹ̀ lẹ́nubodè, ó ń dúró dè mí. Gbogbo ìlẹ̀kùn tí mo bá kàn, ṣe ni ọkọ mi ń kéré sí i, títí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò fi kanlẹ̀ mọ́. Mo ń kì í kó má baà tán: “Àjàgbé, ọmọ Àkàbà Ìdẹ̀nà, ẹnubodè Kétu, ọmọ odi gíga tí í gba àlejò bí ọmọ ilé, dúró dè mí!”

Ìpínlẹ̀ mẹ́tàlélógún gbà. Ìkan tó kù kó pé mẹ́rìnlélógún, àwọn aṣòfin ọlọ́lá inú rẹ̀ dìde, wọ́n ní àwọn náà gbà.

“Ẹ nawọ́,” ni akọ̀wé wí.

Wọ́n ti di ewúrẹ́ nínú agbádá wọn. Olórí wọn wò mí, omi bọ́ lójú rẹ̀. “Màmá, ọkàn wa gbà. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mẹ́rin la ní. Òfin ò mẹ́nu ba ẹsẹ̀.”

Mi ò bínú. Òótọ́ ló sọ. Mo ní, “Ẹ jẹ́ ká tún òfin ṣe nígbà náà, kí ẹsẹ̀ lè dípò ọwọ́.”

“Ó dáa,” ni akọ̀wé wí. “Ilé aṣòfin méjì lẹ ó kọ́kọ́ wọ̀…”

Mo bojú wẹ̀yìn. Àpótí nìkan ló kù lẹ́nubodè, fìlà ọkọ mi wà lórí rẹ̀.

Mo jí. Ewúrẹ́ wa ń ké lẹ́yìn fèrèsé, ilẹ̀ ti mọ́. Etí ìró mi wà ní kókó. Ojú oorun ni mo ti so ó. Mo fẹ́ tú u, ọwọ́ òsì mi tí mo sùn lé ti kú tipiri. Bàbá Táyélolú ti wọ bàtà. Àpótí rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà.

“Àwẹ̀ró, kí lo so síbẹ̀?”

“Ọwọ́ kan ò tú u,” mo wí. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tú u kí ẹ tó lọ.”